Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé: Àpò Owó Àwọn Ìyá Wa ní Ìgbògbò

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, ó yẹ ká rántí pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó dé, àwọn ìyá wa ti ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú owó sí. Ẹ̀yìnkùlé ni. Adìẹ ni.

Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà. Adìẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Àwọn tó ń wú ohun àtijọ́ rí egungun adìẹ ní Jenne-jeno, ní ilẹ̀ Mali, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwa Yorùbá náà kì í sọ ìtàn Odùduwà ká má dárúkọ adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan yẹ̀pẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Obìnrin tí kò ní adìẹ á lọ bá ẹni tó ní. Ẹni yẹn á fún un ní àgbébọ̀ kan sìn. Tó bá pamọ, wọ́n á jọ pín ọmọ rẹ̀, àgbébọ̀ á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹ wò ó dáadáa, ṣé ó jìnnà sí ẹ̀yáwó tí à ń gbà lẹ́gbẹ́ lónìí?

Tí adìẹ bá ń yé, wọn kì í kó ẹyin rẹ̀ tán, wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀ kó má bàa lọ yé sínú igbó. Tó bá ti ń sàba, wọ́n á kó ẹyin bíi mẹ́wàá sí méjìlá sí i lábẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan sójú iná àtùpà lóru. Èyí tí iṣan wà nínú rẹ̀, ọmọ ni. Èyí tó mọ́ gaara, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ 21, òròmọdìẹ ti ń ké. Wọ́n á so àkísà mọ́ wọn kí ìjà má bàa wà láàárín aládùúgbò. Ẹyin ní ń di àkùkọ: owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀, owó ọjà náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀tá kan wà tó burú ju àsá lọ: lúkúlúkú. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí àrùn yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953. Mo rántí ọyẹ́ ọdún kan tí ìyá mi jí láàárọ̀ tó bá adìẹ rẹ̀ nílẹ̀, òmíràn lọ́rùn lọ́. Kíá ló kó èyí tó kù lọ sọ́jà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, tàwọn aládùúgbò tó rajà náà ti ń kú. Kì í ṣe ìkà, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọjà wa ló ń gbé àrùn kiri.

Nígbà tí bọ́ọ̀dù-fulúù wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2006, ọ̀rọ̀ náà kọjá adìẹ. Ní oṣù kìíní 2007, obìnrin kan kú ní Èkó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà pa nílẹ̀ yìí. Ní 2015, ó tún padà wá, Èkó sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ bẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa adìẹ, tí ẹ ń tu ìyẹ́, ẹ̀yin ló kàn jù.

Oògùn àjẹsára lúkúlúkú wà o. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ní Vom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe èyí tí a lè kán sójú adìẹ ìbílẹ̀, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kò wo èyí tó ti ń ṣàìsàn, kí ọyẹ́ tó dé ni ká ti ṣe é. Igò kan pọ̀ ju adìẹ ẹnì kan lọ, ìdí nìyí tó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́: ká dáwó rà á, ká kán an ní ọjọ́ kan náà. Èyí tó bá kú, ká sun ún tàbí ká sin ín jìn. Ká má tà á láéláé.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn ìyá wa làágùn kí àwa tó dúró. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.