Agbo Ẹ̀fẹ̀ àti Àgbàlá Ìdána: Orúkọ tí Ìtàn Ìfẹ́ àti Eré Òṣèlú ń Wá ní Kétu

Àwọn Faransé ní orúkọ kan fún ìwé ìtàn ìfẹ́ pẹlẹbẹ, irú èyí tí ọkùnrin àti obìnrin ti máa ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn yóò sì fẹ́ra wọn kí ìwé tó parí: roman à l'eau de rose. Tí ènìyàn bá tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtàn olómi òdòdó rósì ni. Ọmọ Kétu tó kàwé Faransé mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọmọ Ìmẹ̀kọ tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí Mills & Boon ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú ọmọ ìyá ni Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe lọ́dún 1889 ló la ilẹ̀ náà sí méjì, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyẹn ni ìṣòro tó wà níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ní Yorùbá tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà yóò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá gé lára orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣàjèjì sí Kétu. Èyí tí a bá gé lára ti Faransé yóò ṣàjèjì sí Ìmẹ̀kọ. Iṣẹ́ tí ìwé tàbí eré náà ń ṣe láàárín ènìyàn ló yẹ kí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, nítorí iṣẹ́ náà ti wà nílé Yorùbá kí ààlà tó dé.

Ìlú London ni wọ́n ti dá ilé ìtẹ̀wé Mills & Boon sílẹ̀ lọ́dún 1908. Harlequin, ilé ìtẹ̀wé mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà lọ́dún 1949, òun ló sì ra Mills & Boon lọ́dún 1971. Lọ́dún 1998, ilé ìtẹ̀wé Nouvelles Éditions Ivoiriennes ní Abidjan gbé ọ̀wọ́ ìwé Adoras jáde: ìtàn ìfẹ́ ní èdè Faransé, tí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ, tí àwọn ẹ̀dá ìtàn inú wọn ń gbé ìlú ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì ní òbí àti ẹ̀gbọ́n tó ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọbìnrin tó ń ka Adoras kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí ìyá ọkọ fi ń bínú.

Kí ló ń fa ènìyàn sí irú ìwé yìí? Òǹkàwé ti mọ ìparí kó tó ṣí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé àwọn méjèèjì yóò fẹ́ra wọn. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà débẹ̀: àṣìgbọ́, owú, ìyapa, ìbínú tó rọ̀, ẹ̀bẹ̀ tó wọlé. Àwọn kan ń pẹ̀gàn ìwé náà nítorí èyí, pé ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ. Ṣùgbọ́n kí ni à ń ṣe níbi ìdána? Gbogbo àgbàlá ló mọ̀ pé wọn yóò fún ọkọ ní ìyàwó. Síbẹ̀ alága ìjókòó yóò ní òun kò mọ àlejò yìí rí. Ẹbí ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò dìde, wọn yóò tún dọ̀bálẹ̀, wọn yóò sanwó, lẹ́tà yóò jáde, a óò kà á sókè, ìyàwó yóò sì wọlé nígbà tí ojú ti ń wá a gan-an. Kò sẹ́ni tó ń wí pé kí wọ́n fò ó. Adùn ohun tí a ti mọ ìparí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá, ó sì ní àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ìfojúsóde ni ìgbà tí ọkùnrin tàbí ẹbí rẹ̀ bá ń wo ọmọbìnrin láti òkèèrè, tí wọ́n ń wádìí ìwà àti ìdílé rẹ̀. Alárinà ni ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ìṣíhùn ni ìgbà tí ọmọbìnrin bá la ohùn, tó gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n di àfẹ́sọ́nà, kí ìdána tó dé. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa bí wọ́n ṣe ń hun ìtàn ìfẹ́ ti rí ohun tó ń wá: abala ìfojúsóde, níbi tí ojú ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, iṣẹ́ alárinà, tí ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò olú ẹ̀dá ìtàn sábà máa ń ṣe, tí àṣìgbọ́ sì máa ń tibẹ̀ wá, àti ìṣíhùn, tí gbogbo ojú ìwé tó ṣáájú ń sáré lọ bá. Ìṣíhùn dára jù nínú wọn. Ó ti so ìfẹ́ mọ́ ohùn obìnrin fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó mú kí àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn ìwé náà nìyẹn: obìnrin ló ni ìdáhùn.

Ní ti orúkọ ìwé náà, “ìwé ìfẹ́” kò tó. Láyé àtijọ́, ìwé ni wọ́n ń pe lẹ́tà pẹ̀lú, ẹni tó bá sì gbọ́ “ìwé ìfẹ́” lè rò pé àfẹ́sọ́nà kan ló kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìtàn ìfẹ́ ló tọ́, ìtàn àròsọ ìfẹ́ bí a bá fẹ́ kó hàn pé àtinúdá ni. Èyí tó yẹ kí a yẹra fún ni “ó ṣubú sínú ìfẹ́”, tí àwọn atúmọ̀ èdè ń lò báyìí. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló ń ṣubú. Yorùbá ń yófẹ̀ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń fà sí ẹnìkan, àárò ẹni náà ń sọ ọ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò fi ti Gẹ̀ẹ́sì dí ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé Orin Sólómọ́nì. Wọ́n wo ohun tí ẹnu ń ṣe, wọ́n sì lo ìfẹnukonu. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n lónìí.

Àwọn òǹkọ̀wé náà ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó di ìwé lọ́dún 1930. Lọ́dún 1929 kan náà ni Félix Couchoro, ọmọ Ouidah, tẹ L'Esclave jáde ní èdè Faransé, òun náà sì padà di ẹni tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ fún ìwé ìròyìn ní Lomé. Lọ́dún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ wọn; Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní Yorùbá tí kò gùn ún lára, ibẹ̀ ni kó lọ. Ohun kan ṣoṣo ni Ó Le Kú fi hàn pé a kò tíì rí orúkọ tó mọ́lẹ̀ fún: obìnrin méjì tó ń du ọkùnrin kan tí kò tíì fẹ́ èyíkéyìí. Orogún ni wọ́n máa ń sọ, ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ kan náà ni orogún ń gbé.

Eré òṣèlú ńkọ́? Níbí ni Kétu ti ní ẹ̀tọ́ láti jókòó síwájú.

Àwọn Faransé mú ìtàgé tiwọn wá, ilé ìwé ni wọ́n sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí. Èso rẹ̀ tó lókìkí jù ni Kondo le requin tí Jean Pliya kọ lórí ìgbà ìkẹyìn ọba Béhanzin. Ó jáde lọ́dún 1966, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá lítíréṣọ̀ Áfíríkà dúdú lọ́dún 1967. Ní ìhà kejì ààlà, Hubert Ògúndé ti ń fi eré bá ìjọba fà á láti 1945, nígbà tó ṣe Strike and Hunger lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́dún 1964 ó gbé Yorùbá Ronú jáde, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ológun dé lọ́dún 1966 ni òfin náà tó kúrò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Yorùbá máa ń sọ, pé ọba kì í pòkorin. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò tẹ̀lé e. Ní Kétu, abẹ́ òwe yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ni apá òru nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí UNESCO fi sára àwọn ohun àjogúnbá mọ́kàndínlógún tó kọ́kọ́ kéde lọ́dún 2001, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ ní Kétu fi ìpilẹ̀ rẹ̀ sínú ìjà oyè: àwọn ìbejì méjì ń du ìtẹ́, ọ̀kan sá lọ sí Ìlọbí, ó sì gbé ère kan kalẹ̀ lóru, ó so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn kó lè máa dún, kí àwọn tó ń lé e lè bẹ̀rù. Bí a bá gba ìtàn náà gbọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ẹ wo bí òru ẹ̀fẹ̀ ṣe ń lọ. Èrò á ti yí agbo ká nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn onílù á sì dé. Arabi Ajígbálẹ̀ á jáde láti gbá agbo mọ́ kí àwọn tó kù tó tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀tẹ̀dẹ́ á ṣíwájú, á kọrin pe ẹni tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Nígbà náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru náà, á jáde nínú aṣọ àti ère igi orí rẹ̀. Kò ní bọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìlú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn tó kọrin ṣáájú rẹ̀. Àwọn elégbè á sì máa gbè é. Lẹ́yìn ìjúbà ni òkò ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀: olóyè tó jẹ owó ìlú, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, ẹni tó hùwà ìtìjú. A kò ní mú un nítorí ohun tó bá sọ lóru yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà wà nínú èrò, ó ń gbọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, mọ iyì àwọn orin wọ̀nyí débi pé, nínú ìwé Yoruba Oral Tradition tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1975, ó lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn nípa ohun tí ojú àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn rí. Ohun tí òpìtàn lè fi jẹ́rìí, aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ lè fi sọ nǹkan lórúkọ. Ìjúbà ni ohun tí Ògúndé ń pè ní Opening Glee, òun náà ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí eré àwọn Faransé ní. Elégbè ni agbo akọrin tó ń dáhùn nínú eré àwọn Gíríìkì. Òkò ọ̀rọ̀ ni gbólóhùn tí òṣèré sọ sí ọba inú eré tí àwọn òǹwòran mọ̀ pé mínísítà ni wọ́n sọ ọ́ sí. Agbo sì dára fún eré tí kò ní pèpéle, tí èrò yí i ká. Kí ìtàgé dúró fún ti inú gbọ̀ngàn.

Ọ̀rọ̀ náà, “ẹ̀fẹ̀”, fúnra rẹ̀ gba ìrònú. Ní Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ń ṣàwàdà ni. Ní Kétu, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú ni wọ́n fi ń tún ṣe. Ó yẹ kí ìtumọ̀ Kétu borí nínú ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀: kí àwàdà máa jẹ́ ti ẹ̀rín lásán, kí eré ẹ̀fẹ̀ jẹ́ eré tó ń fi ẹ̀rín bá aláṣẹ wí. Kò ní bá gbogbo eré òṣèlú mu. Kò sí ẹ̀rín nínú ìṣubú Béhanzin. Eré ọba ni Kondo le requin, gẹ́gẹ́ bí Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1963. Kí a fi “eré òṣèlú” bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ yóò pa ìyàtọ̀ tí àwọn òǹwòran mọ̀ dáadáa rẹ́.

Àwọn onímọ̀ kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ lọ́dún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe apá kejì lọ́dún 1990, ràn àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ gidigidi, àwọn ọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti eré onítàn sì ti fìdí múlẹ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ṣíwájú. Tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí àwọn akọrin ẹ̀fẹ̀ Kétu àti àwọn ìyálàṣẹ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, kí a sì tẹ ìwé náà ní ìlànà ìkọsílẹ̀ méjèèjì. Ní Benin, ɛ ni wọ́n ń kọ fún ẹ, ɔ fún ọ, sh fún ṣ, kp fún p. Òṣèré tí a kọ ní Ìbàdàn, òshèré ni ní Kétu, ìwé kan ṣoṣo sì lè gba méjèèjì ní ojú kan náà.