Igbó Ọ̀ṣun àti Àwọn Oko Òkè Odò

Ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgàn bí ẹni pé ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò tẹ̀ rí ni í ṣe. Ìtàn Òṣogbo kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ìlú náà ń sọ ni pé ọ̀dá ni ó lé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n fi tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, ó sì fọ́ àwọn ìkòkò aró òrìṣà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bá Ọ̀ṣun mulẹ̀. Inú igbó yìí gan-an ni ààfin àti ọjà àkọ́kọ́ wà kí wọ́n tó ṣí lọ sí ibi tí ìlú wà lónìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pe ìtàn ìkòkò aró ní àlọ́. Ìwé òfin ni èmi kà á sí. Òun ni ó sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Igbó tí a ń bọ̀wọ̀ fún lónìí, ahoro ìlú ni.

Kì í sì í ṣe Òṣogbo nìkan. Ní igbó Okomu ní ilẹ̀ Ẹdó, E. W. Jones rí àpáàdì àti èédú nínú ilẹ̀ lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1955 àti 1956. White àti Oates tún hú ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, wọ́n fi hàn pé èédú náà ti tó nǹkan bí 700 ọdún. Àwọn ènìyàn ti dáná, wọ́n ti gbé ibẹ̀ rí, kí ẹgàn tó bò ó.

Èyí kò lè ya àgbẹ̀ lẹ́nu. Yóò dá oko fún ọdún mélòó kan, yóò sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi. Kò gé ọ̀pẹ, kò gé obì, ìrókò sì ń kọ́, ó ń bà á lẹ́rù. Kí ó tó padà síbẹ̀, ẹtu àti òkété ti dé, àgbìgbò sì ti gbé èso láti inú igbó òrìṣà wá sí oko àná. Ilẹ̀ tí ń sinmi, igbó etí odò, àti ààlà oko tí a fi pèrègún àti akòko pa, àwọn ni ó so igbó kan mọ́ èkejì. Àwọn tí ń yin èèwọ̀ máa ń gbàgbé apá yìí. Èèwọ̀ ni ó ṣọ́ igbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko ni kò jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ dí.

Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú èrò mìíràn wá. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó di 1903, H. N. Thompson, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ igbó ní Burma, di olórí iṣẹ́ náà ní ìhà gúúsù. Wọ́n fa ìlà: igbó ìjọba wà nínú, oko wà lóde. N kò ní sọ pé iṣẹ́ wọn kò ní èrè kankan, nítorí igi púpọ̀ ni ìlà yẹn gbà là. Ṣùgbọ́n ó sọ àgbẹ̀ di olè lórí ilẹ̀ tí baba rẹ̀ ti dáko.

Igbó Ọ̀ṣun pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó ti gba apá kan rẹ̀ láti fi dán ọ̀gbìn wò. Wọ́n gé igi, wọ́n gbin tíìkì. Àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìgbẹ́, wọ́n ń pa ẹja níbi tí ó ti jẹ́ èèwọ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bá wọn jà á. Àwọn àwòrò àti Àtáọ́ja wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníṣọ̀nà bí Adébísí Àkànjí sì bá a ṣiṣẹ́. Ère wọn ni àlejò ń wá wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ère ni ó mú igi dúró láti àtètèkọ́ṣe. Àwọn olórìṣà ni. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO sì fi í sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 2005: hẹ́kítà 75, pẹ̀lú hẹ́kítà 47 tí ó yí i ká gẹ́gẹ́ bí ààbò.

Hẹ́kítà 75! Odò tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá ti ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Èkìtì, ó ti la oko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà já kí ó tó dé Òṣogbo. Àwọn tí ń wa góòlù ní òkè odò ti da omi rẹ̀ rú. Ní 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Kò sí ẹni tí ó gé igi kan nínú igbó kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n pa gbogbo èèwọ̀ mọ́, ẹrẹ̀ sì dé síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè parí sí ọwọ́ Òṣogbo, nígbà náà. Ìdílé ni ó ni ilẹ̀ etí odò ní òkè lọ́hùn-ún, àwọn ni ó sì lè fi igbó etí odò sílẹ̀, kí wọ́n dá igi ńlá sí láàárín kòkó, kí wọ́n má sì gba awakùsà láàyè. Ṣùgbọ́n etí odò ni ilẹ̀ ti lọ́ràá jù, ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ ti pàdánù iṣu àti ẹ̀fọ́ rẹ̀. Owó tí ọdún Ọ̀ṣun ń mú wọlé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n pe ìpàdé lórí igbó Ọ̀ṣun, abúlé àwọn àgbẹ̀ yìí ni n óò pè é sí, èmi yóò sì béèrè lọ́wọ́ wọn iye tí hẹ́kítà kan etí odò ń mú wá fún wọn lọ́dún.