Àwọn IJGB àkọ́kọ́ ò gba Ìkẹjà wọlé

1/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń múra láti lọ wo iná Kérésì ní Ajose Adeogun, Victoria Island, ẹ dúró ná. Mo ní ìtàn kan fún yín. Ọ̀rọ̀ àwọn IJGB ni, àmọ́ kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù o. Àwọn ti 1842 ni.

2/
Ká kọ́kọ́ sọ ti iná. Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù Kejìlá, Zenith Bank, tí oríléeṣẹ́ wọn wà ládùúgbò yẹn, máa ń fi iná ṣe títì náà lọ́ṣọ̀ọ́. Mo lọ wò ó lọ́dún tó kọjá. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Gò-slò dí pa, àwọn ọmọdé wà léjìká bàbá wọn, gbogbo èèyàn na fóònù sókè.

Ẹnì kan nítòsí mi wá sọ pé, "Òyìnbó ló gbé Kérésì wá bá wa, àmọ́ àwa la mọ̀ ọ́n ṣe." A rẹ́rìn-ín.

3/
Àmọ́ Àgbádárìgì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ta ló ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù yẹn? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí ni.

4/
Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń ta èèyàn létí òkun wa. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lé ọkọ̀ ẹrú lójú agbami, wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown, ní Sàró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kàwé, tí wọ́n ti gba ìgbàgbọ́, tí wọ́n ti rówó díẹ̀. Síbẹ̀, ilé ò kúrò lọ́kàn wọn.

Ní nǹkan bí 1839, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Ẹ gbọ́ eléyìí: àwọn kan dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, òun náà ni wọ́n wọ̀ padà wálé!

5/
Àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n jà wọ́n lólè. Àgbádárìgì sàn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ lẹ́tà sí Freetown ní 1841: ẹ rán oníwàásù sí wa.

6/
Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, 1842, Thomas Birch Freeman dé. England ni wọ́n ti bí i, adúláwọ̀ ni bàbá ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá ẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. William de Graft láti Cape Coast bá a wá. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti wàásù.

Freeman lọ kí Ṣódẹkẹ́ l'Abẹ́òkúta. Nígbà tó padà, ó bá Henry Townsend tó ti Freetown dé. Wọ́n ṣe Kérésì ọdún yẹn l'Àgbádárìgì, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ tó wá di Nàìjíríà.

7/
Kò síná ọba kankan. 1896 ni iná mànàmáná tó dé Èkó. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ti tà, tí wọ́n sì padà wálé, wà níbẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀sà, erékùṣù Gberefu wà, ibi tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí òkun.

8/
Igi Agia wó lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹfà, 1959. Òpó ìrántí wà níbẹ̀ báyìí. Oṣù Kejìlá tí mo lọ wo iná yẹn náà ni mo lọ síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo yà fọ́tò.

9/
Tá a bá ní òyìnbó ló gbé e wá, tá a sì dákẹ́ síbẹ̀, a ti pa Ferguson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan ti tà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ ká tún gbàgbé wọn.

Ẹ lọ wo iná, ẹ gbádùn ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí Àgbádárìgì. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá ẹnì kan nínú ìdílé yín ti Sàró dé. Tẹ́ ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, mo fẹ́ kà á.