Yíyan Ohùn fún Ilé-iṣẹ́: Aago Asọ̀rọ̀ àti Fíìmù Ìfìwéránṣẹ́ ní Ìlú Ọba, 1936

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fíìmù polówó iṣẹ́ rẹ̀ lóde òní kò lè ṣàì ronú sí ohùn tí yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àwòrán bá ń kọjá. Àwòrán lè dára, orin lè dùn, ṣùgbọ́n bí ohùn náà kò bá bá iṣẹ́ mu, ọkàn olùwòran yóò ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹyin lohùn, ni àwọn àgbà ń wí. Èyí tí a bá sì ti gbà sílẹ̀ tí a ti rán kiri ìlú, kò ṣe é kó jọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀ràn tuntun ni èyí, pé àwọn apolówó-ọjà ayé ìsinsìnyí ni ó dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba yan ohùn fún iṣẹ́ méjì láàárín ọdún kan, ọ̀kan fún aago, èkejì fún fíìmù, ọ̀nà tí ó gbà yan ti aago kò sì bá ọ̀nà tí ó gbà yan ti fíìmù tan rárá. Ilé-iṣẹ́ náà ni Ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ti ìjọba, tí tẹlifóònù pẹ̀lú wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ aago ni ó kọ́kọ́ dé. Kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà ṣe, ẹni tí kò mọ iye tí aago lù a máa gbé tẹlifóònù, a sì bi obìnrin tí ń so wáyà àwọn ènìyàn pọ̀ léèrè. Ìbéèrè yìí a máa jẹ àkókò iṣẹ́. Irú ìyọnu kan náà bá àwọn ará Paris, níbi tí àwọn olùbéèrè aago ti ń dí wáyà tẹlifóònù ilé ìwòràwọ̀ ìlú náà mọ́lẹ̀, títí olórí ibẹ̀, Ernest Esclangon, fi ronú kan ẹ̀rọ tí yóò máa dáhùn fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejì 1933 ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan bí 140,000 ìpè ni ó dé ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n nǹkan bí 20,000 péré ni ó rí èsì. Ohùn tí wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ náà ni ti Marcel Laporte, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí àwọn ará Faransé ti mọ̀ dáadáa. Àwọn ará Paris kò wá ohùn kiri; wọ́n mú èyí tí etí ìlú ti gbọ́ rí. Ọ̀nà ìrọ̀rùn ni, kò sì burú.

Àwọn ará Ìlú Ọba gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò lọ bá òṣèré tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan. Láàárín àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tiwọn, tí iye wọn tó 15,000, ni wọ́n ti ṣe ìdíje, wọ́n sì ń sẹ́ wọn títí ó fi ku mẹ́sàn-án. Ọjọ́ 21 Oṣù Kẹfà 1935 ni àṣekágbá. Àwọn tí ó jókòó ṣe ìdájọ́ kì í ṣe ènìyàn lásán: John Masefield, akéwì ọba, wà níbẹ̀; Sybil Thorndike, àgbà òṣèré orí ìtàgé, wà níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni Stuart Hibberd, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC. Wọ́n tún fi àwọn tí ń san owó tẹlifóònù kún un, kí ẹni tí yóò máa gbọ́ ohùn náà lójoojúmọ́ má baà jẹ́ àlejò níbi tí a ti ń yàn án.

Ẹni tí ó bá wo orúkọ àwọn adájọ́ nìkan lè rò pé ẹwà ohùn ni wọ́n ń wá. Àwọn ìwé ìròyìn pàápàá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin olóhùn wúrà. Ṣùgbọ́n wáyà tẹlifóònù kì í gbé gbogbo ohùn ènìyàn kọjá. Ìró tí ó ga jù kì í dé òdìkejì. Nítorí náà ni “s” àti “f” ṣe ń jọra létí ẹni tí ń gbọ́, tí “five” àti “nine” ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń dàrú mọ́ ara wọn. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ́ bí a ti í pe nọ́ńbà kí irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é láti òwúrọ̀ di alẹ́. Níhìn-ín ni ọgbọ́n ìdíje náà wà. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ojú rere sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀; ohùn tí wáyà ti dán wò ni ó lọ mú. Òṣèré tí ohùn rẹ̀ kún inú ilé ìtàgé lè máà jámọ́ nǹkan kan nínú tẹlifóònù.

Ethel Cain, ọmọ Croydon, tí ń ṣiṣẹ́ ní ojú-iṣẹ́ tẹlifóònù ti Victoria ní London, ni ó borí. Gínì 10 ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sórí àwo dígí, bí a ti í fi fọ́tò gba ohùn sára fíìmù, ṣùgbọ́n kì í ṣe odindi gbólóhùn ni wọ́n gbà. Wákàtí wà lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú wà lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú àáyá náà wà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣa wọ́n jọ, tí ó sì ń sọ iye tí aago lù ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nítorí náà ẹni tí ó ni ohùn gbọ́dọ̀ lè pe ọ̀rọ̀ kan ní ìwọ̀n kan náà, kí ìsopọ̀ rẹ̀ má baà fò létí. Ó dára bí ẹni tí ń kọ́ èdè Yorùbá bá dúró díẹ̀ níhìn-ín. Bí ohùn Gẹ̀ẹ́sì bá já wálẹ̀ níbi ìsopọ̀, yóò kàn ṣàjèjì ni, ọ̀rọ̀ kò ní yí padà. Ní Yorùbá, bí òkè ohùn tí ó wà lórí “ogún” bá jábọ́ nígbà tí a ń ka ìṣẹ́jú, ogun ni a ti pe sí etí olùgbọ́.

Ní ọjọ́ 24 Oṣù Keje 1936 ni aago asọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni ará London yóò yí lórí tẹlifóònù rẹ̀, T, I àti M. Ní ọdún kìíní nìkan, ìpè tí ó wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 13. Ó di 1942 kí ó tó kárí ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìdájọ́ 1935 tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ohun tí àwọn adájọ́ ń pè ní ohùn tí ó já gaara, ó ju ohùn tí a lè gbọ́ yé lọ. Ohùn tí a kò lè fi mọ ìlú ẹni ni wọ́n ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn tí a sọ pé kò ní ìlú yìí, ti àwọn ọ̀mọ̀wé ìhà gúúsù ni. BBC ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti 1926 láti máa pinnu bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò ti máa pe ọ̀rọ̀. Nígbà tí ogun dé, ní 1941, wọ́n mú Wilfred Pickles, ọmọ Halifax ní Yorkshire, láti máa ka ìròyìn fún gbogbo ilẹ̀ náà, ó sì ń kà á bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ bínú. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé wọn. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a sọ kò lè mọ̀ pé ará Yorkshire ni ó sọ ọ́. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ìlú. Ibi tí yíyan ohùn ti ń di ọ̀ràn ńlá nìyí, ìdíje olóhùn wúrà kò sì kàn án rárá.

Fíìmù náà ń kọ́? Láti 1933 ni Ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ti ní ẹ̀ka tí ń ṣe fíìmù, tí John Grierson, ọmọ Scotland, jẹ́ olórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kejì 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Night Mail han àwọn ènìyàn ní Cambridge. Harry Watt àti Basil Wright ni ó darí rẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ ojú irin tí ń kó lẹ́tà láti London lọ sí Scotland lóru ni, àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́tà fúnra wọn ni a sì ń rí nínú rẹ̀. Ìpolówó iṣẹ́ ìjọba ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tí ń yìn ín lónìí ti gbàgbé bẹ́ẹ̀. W. H. Auden kọ ewì sí ìparí rẹ̀, Benjamin Britten sì ṣe orin rẹ̀.

Ta ni yóò ka ewì náà? Wọn kò ṣe ìdíje. Wọn kò pe akéwì ọba, wọn kò sì yá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC. Stuart Legg, tí òun náà ń ṣe fíìmù, ni ó ka ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sáré. Grierson tìkára rẹ̀ ni ó ka ibi tí ó ti fara balẹ̀. Ohùn Legg kì í ṣe ohùn tí ènìyàn yóò fi gínì 10 ta lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ewì náà. Ẹni tí yóò kà á gbọ́dọ̀ mọ bí àwòrán ti ń yí, kí ó sì mọ ibi tí yóò ti mí. Ẹni tí ń gé fíìmù mọ èyí ju ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn lọ. Ọ̀nà yíyàn méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí: iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wo ohùn. Fíìmù tilẹ̀ fi ohun kan ju aago lọ, nítorí ọmọ Scotland ráyè sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Scotland.

Ethel Cain kò pẹ́ nídìí wáyà tẹlifóònù lẹ́yìn náà. Ó di òṣèré, Jane Cain ni wọ́n sì ń pè é. Ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Ó dúró sẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún 27, nígbà ogun àti lẹ́yìn ogun, láìgba owó oṣù, títí di 1963 tí wọ́n fi ti Pat Simmons rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tẹlifóònù ní London ni òun náà. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin 1985 ni ohùn ọkùnrin kọ́kọ́ gba ipò náà, ti Brian Cobby, ẹni tí ó ti jẹ́ òṣèré kí ó tó wá di òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ní Brighton.