Títo Eegun Itan Ọmọdé: Ohun tí Ìtàn Fi Kọ́ Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ àwọn tí ń to eegun nílé, ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni ti dókítà. Èrò tí mo gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìtàn kò ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn.

Kò sí eegun tí ó tóbi tó ti itan nínú ara ènìyàn. Bí ó bá ṣẹ́, iṣan a fa ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn, ẹsẹ̀ a sì kúrú. Ṣùgbọ́n eegun ọmọdé a máa yára jinná. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni pé kí ó fà á bọ̀ sípò, kí ó sì mú un dúró títí yóò fi so pọ̀.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Thomas Bryant ti ilé ìwòsàn Guy's ní London a máa so ẹsẹ̀ ọmọ kékeré méjèèjì kọ́ sókè, kí ìwọ̀n ara ọmọ náà lè fa eegun tọ́. Ní 1875, Hugh Owen Thomas ti Liverpool ṣàlàyé irin olóruka tí a ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Orúnkún tí ń ṣàìsàn ni ó ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó wúlò fún itan tí ó ṣẹ́ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀, Evan Thomas, kì í ṣe dókítà. Ìdílé ato-eegun ní erékùṣù Anglesey ni ó ti wá. Àwọn dókítà kò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ó rán àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn dókítà ní Nancy, nílẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó ṣe é tẹ̀ bọ inú eegun, láìfọwọ́ kan ibi tí eegun ti ń dàgbà. Ọmọ tí ì bá wà lórí ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wá ń fi ọ̀pá rìn láìpẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ ni ato-eegun fi ń di ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a máa ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ aláìsàn. Bí adìẹ bá rìn, ó tó àkókò láti tú igi. Inú dídì ni ewu wà. Bí ó bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ìka ẹsẹ̀. Ìka a tutù, a sì dúdú, a ó sì gé ẹsẹ̀ ọmọ tí eegun rẹ̀ ì bá jinná. Irú ewu yìí ni ó mú kí àwọn dókítà pàápàá máa ṣọ́ra fún ọ̀nà Bryant.

Nítorí náà, kíkẹ́gàn ato-eegun kò lè gba ẹsẹ̀ ọmọ là. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ láti máa yẹ ìka ẹsẹ̀ wò lárọ̀ọ́ lálẹ́, kí ó tú ìdè kíákíá bí wọ́n bá tutù, kí ó sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Kí àwa náà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà.