Láti langalanga dé ẹ̀rọ ìgékoríko: ibi tó ti wá, àti ìdí tó fi ń tètè kú lọ́wọ́ wa

Admin yín ni. Ohùn mẹ́rin tí mo fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nìyí. Mo ní kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kì í gbé ohùn, àti àwọn màmá wa tó ní àwọn fẹ́ kà á fún ọmọ.

Ìbéèrè kan ló fà á. Ẹnì kan nínú wa ní àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó bèèrè irú grass cutter tí òun lè rà fún un kó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò òjò yìí. Kíá, ẹnì kan ti dáhùn pé ọ̀yà pọ̀ lọ́jà Gwagwalada, yálà tútù tàbí yíyan. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o, torí owó àjọ ni wọ́n fẹ́ kó lé e. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú ní oṣù Keje, iṣẹ́ ọdún yìí ti bàjẹ́ nìyẹn, àjọ sì gbọ́dọ̀ di sísan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ìtàn rẹ̀, torí inú ìtàn yẹn ni ohun tó ń pa ẹ̀rọ yìí wà.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sẹ́kọ́ńdírì nílé, ẹ ò ní gbàgbé langalanga. Irin pẹlẹbẹ gígùn, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú. Èèyàn á tẹ̀ ba, á máa fì í lọ fì í bọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, òun ni wọ́n máa ń wọn portion fún. Ká sọ òótọ́, koríko títọ́jú kì í ṣe àṣà wa. Àgbàlá Yorùbá tó ní èèyàn nínú, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ gbá. Bí koríko bá hù lójúde, a jẹ́ pé wọ́n ti sá fi ilé náà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló fẹ́ràn koríko kúkurú níwájú ilé, ní GRA wọn, lébìrà wa ló sì ń bá wọn gé e.

Ẹ̀rọ tiwọn ti wà tipẹ́ lọ́hùn-ún. Edwin Budding, nítòsí Stroud nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe àkọ́kọ́ ní 1830. Ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irun ara aṣọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, ó ní ohun tó fá aṣọ lè fá koríko. Títì ni wọ́n ń tì í. Èyí tí à ń gbé kọ́ èjìká, tó ní okùn ọ̀rá tó ń yí bírí, ọ̀rọ̀ ti àìpẹ́ ni. Ní 1971, ní Houston l'Amẹ́ríkà, George Ballas, ẹni tó ní ilé ìkọ́ni níjó, rí bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń yí níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ó sì lọ ki okùn sára agolo. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àbújá wá dé. 3 February 1976 ni ìjọba Murtala ṣòfin pé ibí ni yóò jẹ́ olú-ìlú, 1979 ni àwòrán ìlú parí, 12 December 1991 ni Babangida kó ìjọba kúrò l'Ékòó wá. Wọ́n ya àyè ọgbà àti pápá sínú àwòrán yẹn lóríṣiríṣi. Ẹ sì mọ ilẹ̀ ibí: ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Láti April títí dé October, koríko tó o gé lónìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti dé orúnkún. Plọ́ọ̀tì tí onílé rẹ̀ wà l'Ékòó tàbí London, koríko ibẹ̀ á ga ju èèyàn lọ, ejò ò sì mọ̀ pé estate ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi wà níbí ju ilé lọ. Ní Gwarinpa, ní Lugbe, ní Lokogoma, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká tí wọ́n ń rìn láti géètì dé géètì.

Ó wá ku ìdí tó fi ń kú. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí.

Ẹ rántí Lister tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ nílé. Dursley ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà kan, kò jìnnà sí Stroud tí mo dárúkọ. Irú èyí tó jáde ní 1929 ń yí nǹkan bí 600 sí 650 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ó wúwo, ó rọra ń lọ, ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Bàbá kan á lò ó, ọmọ á jogún rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgékoríko kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò wúwo, eré tó ń sá ju 6,000 lọ ní ìṣẹ́jú, àti pé èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, two-stroke ni: kò ní ikùn tí ọ́ìlì ń gbé. Ọ́ìlì tó yẹ kó mu, inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń pò ó sí. Bí kò bá sí ọ́ìlì nínú epo, irin á máa ha irin, á gbóná, á gán pa. Kò sí mẹkáníìkì tó lè bẹ̀ ẹ́.

Àwọn bàbá wa tó gun Vespa mọ èyí. Vespa jáde n'Ítálì ní 1946, two-stroke ni, wọn kì í sì í da epo sí i láìpo ọ́ìlì. Lọ́dún kan náà, ní Japan, Soichiro Honda ń mú ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fún rédíò àwọn ọmọ ogun níná, tí ogun ti parí tí wọn ò lò mọ́, ó ń dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì kékeré ti di ti mẹ̀kúnnù. Nígbà tí "I better pass my neighbour" wọ ọjà wa, two-stroke náà ni, ọ̀pọ̀ wa sì mọ bí a ṣe ń po epo rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó po epo fún jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ àná, á tún da epo lásán sínú ẹ̀rọ ìgékoríko láàárọ̀.

Ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Bó bá ní 50:1, lítà kan epo, 20 ml ọ́ìlì. Bó bá ní 25:1, 40 ml. Ọ́ìlì two-stroke ni o, kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Láti 29 May 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí lítà kan gbéra láti bíi ₦195 dé ₦537 níbí, tó tún di ₦617 ní July, mo ń rí àwọn ọmọ tó ń dín ọ́ìlì kù kí owó lè pé wọn. Ọ́ìlì ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń lọ. Epo fúnra rẹ̀ náà kò ṣeé fọkàn tán nígbà gbogbo. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2022 tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ̀lú. Ẹ máa fi asẹ́ sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Ní ti rírà: ẹni tó fẹ́ gé koríko ilé tirẹ̀, two-stroke kékeré tó o. Ẹni tó fẹ́ fi jẹun lójoojúmọ́, mo fara mọ́ four-stroke. Ó wọ́n jù, ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mu epo tó ìkejì, owó epo ìsinsìnyí á sì san ìyàtọ̀ yẹn padà. Ọ́ìlì ikùn rẹ̀ ni kó máa yẹ̀ wò kó tó fa okùn láàárọ̀, kó sì máa pa á dà lásìkò. Kó má tẹ̀lé orúkọ ńlá tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Kó tó sanwó ní Dei-Dei, kó lọ bá àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe ní Apo, kó bi wọ́n: èwo ni kábúrétọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, èwo ni okùn ìfà àti klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í wọ́n? Èyí tí wọ́n bá dárúkọ ni kó rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lẹ́wà. Kó ra bàtà ńlá àti gọ́gù ojú pẹ̀lú, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sítòsí tó mítà 15, torí òkúta tó ta jáde lára abẹ irin kì í mọ ọmọ ẹni.

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kó má gbé e jókòó pẹ̀lú epo nínú. Epo tó bá ti ju oṣù kan lọ máa ń dì sínú kábúrétọ̀. Kó dà á jáde, kó wá tan án kó jó èyí tó kù títí á fi kú fúnra rẹ̀, kó fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kó fi aṣọ bò ó nítorí eruku ọyẹ́. Bó bá jẹ́ two-stroke ni, epo tó dà jáde yẹn, kó má dà á nù. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, "I better pass" á mu ún lálẹ́ ọjọ́ náà.