Bọ́tìnì Mẹ́jọ

Aago 3:50 ìdájí, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, 2025. Kubwa. Kò sí iná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ki tọ́ọ̀ṣì sáàárín orúnkún, ó ń gé èékánná. Ó gé ti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún kúrú ju ti àwọn yòókù lọ. Ìka yẹn ni yóò lò.

Páálí Indomie kan wà lórí tábìlì. Ó ti fi rúlà àti bírò ya kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà ló pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́jọ péré ló kùn ní dúdú: A, B, C, D, P, N, S, R. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń tẹ páálí náà lálaalẹ́. Ojú N ti ń họ.

Aago 4:35. A jáde. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, nítorí iṣẹ́ kì í sọ ìgbà tó máa pe èèyàn. Ọ̀nà Dutse Alhaji ṣókùnkùn. Ọ̀kadà kan kọjá láìtan iná. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó tú u, ó tún un ṣẹ́. Aago 6:30 ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Aago 5:25. Bwari. Jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Obìnrin kan ń din àkàrà lẹ́bàá géètì, òun nìkan ló ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá kan tó wọ jàlábíà funfun di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú, kò sì jù ú sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ náà ga jù ú lọ.

Aago 6:30. Géètì ṣí. Fóònù kò gbọdọ̀ wọlé. Aago ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ aago rẹ̀ fún mi, mo so ó mọ́ ọwọ́ mi lókè tèmi. Mo rí i láti ẹ̀yìn irin géètì bó ṣe dé ìdí ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò. Ó nu ìka sára síkẹ́ẹ̀tì kó tó gbé e lé e. Ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé e lé e. Wọ́n ṣẹ́wọ́ sí i pé kó wọlé, kò bojú wẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn láti ìgbà yẹn, òun ló sọ ọ́ fún mi. Mo bi í léèrè lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ó kàn mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́: ibi tí ọwọ́ yóò tẹ̀, ohun tí ojú yóò rí lẹ́yìn tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́.

Aago 7:48. Ó jókòó. Ìjókòó náà ga fún un díẹ̀. Lára kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú rẹ̀, lẹ́tà N ti parẹ́ pátápátá. Ó fi ìka wá a láàárín B àti M, bó ṣe wà lára páálí. Ó bá a níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí bọ́tìnì mẹ́jọ yìí. Ọdún 2013 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kọ́kọ́ gbé ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì fi máa di 2015, ìwé ti kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ di máòsì mú. Máòsì kò ṣòro fún ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lò. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọfà kékeré yẹn ń sá kiri ojú kọ̀ǹpútà bí eku, aago sì ń lọ. Ní 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó ti di ọ̀gá àgbà àjọ náà ní 2016, wọ́n mú ọ̀nà mìíràn wá. A, B, C, D láti mú ìdáhùn. N láti lọ síwájú. P láti padà sẹ́yìn. S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. R, fún ẹni tó bá tẹ S tí àyà rẹ̀ já, láti padà sínú ìdánwò. Kò sí ohun tó kù láti mọ̀.

Mo ti wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn púpọ̀ nínú òwò yìí. Díẹ̀ ló wú mi lórí tó báyìí. Ẹni tó ronú kan R ti jókòó ti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rí.

Aago 8:00. Aago ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́yìn láti wákàtí méjì. Ìbéèrè 180. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40, 40. Ó tẹ B. Ó gbé ìka kúrò. Ó tẹ N. Ó gbé ìka kúrò. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ìka kò gbọdọ̀ sùn lórí bọ́tìnì. Bí ìka bá dúró lórí bọ́tìnì tó nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá, Windows máa ń rò pé èèyàn fẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Bí ẹni tó kọ ètò kò bá dí ojú ihò yẹn, N kan lè fo ìbéèrè mẹ́wàá.

Ní aago kan náà, irú ojú kọ̀ǹpútà yìí ṣí ní Èkó. Ó ṣí ní Enugu. Ó ṣí ní Owerri. Ìka wà lórí N níbẹ̀ pẹ̀lú.

Aago 8:17. Fóònù mi dún. Ọ́fíìsì kan ní Area 3, Garki, tí mo kọ ètò owó fún. Akọ̀wé owó wọn ló pè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní òun tẹ bọ́tìnì “Fi pamọ́”, ojú kọ̀ǹpútà sì funfun. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ padà dé, owó ẹnì kan ti di mẹ́ta nínú ìwé.

“Ẹ má bínú, sà,” ló wí. “Mo rò pé kò gbọ́ mi ni.”

Kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Èmi ni. Mo gbé kọ̀ǹpútà wá sí iwájú, mo ti ìjókòó sẹ́yìn, mo gbé e lé orí itan.

Aago 8:30. Mo rí ibi tó ti bàjẹ́. Lára ètò orí tábìlì, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń kun ojú fèrèsé tó sì ń gbọ́ bọ́tìnì. Ọwọ́ yẹn kan náà ni mo rán lọ sọ́dọ̀ sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ohun tí wọ́n fi pamọ́. Nígbà tó ń dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wà nílé láti dá èèyàn lóhùn. Bí fèrèsé kò bá dáhùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, Windows á kọ “Not Responding” sí orí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kò pọ̀. Akọ̀wé owó kan lè tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Èèyàn á wá ọwọ́ kejì tí yóò máa lọ sọ́dọ̀ sáfà, kí ti àkọ́kọ́ lè jókòó sílé. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnì á kú, á di eérú, kò ní gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ètò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn kì í fi inú burúkú tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń mú wọn tẹ̀ ẹ́.

Aago 9:05. Obìnrin alákàrà náà ti din tán, ó ń fọ agbada. Bàbá tó wọ jàlábíà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fa tẹ̀súbáà.

Aago 9:12. Nínú gbọ̀ngàn, ó ti wọ iṣẹ́ kẹta. Ó fi pẹ́ńsù ṣe ìṣirò kan lórí abala ìwé, ó rí 45. Nínú ìdáhùn mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀, 45 wà lábẹ́ C. Ó tẹ C. Ó wò ó pé C ló mú lóòótọ́. Ó ní òun rántí ìyẹn dáadáa, nítorí ó dùn mọ́ òun nínú.

Aago 9:25. Mo kọ ìlà tó gbẹ̀yìn. Bí akọ̀wé owó bá tẹ “Fi pamọ́”, bọ́tìnì á kú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta á sì jáde lábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé: “Ó ti wọlé.” Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ń jáde ní kíá. Inú mi dùn sí bó ṣe yá.

Aago 9:53. Ó ti dé ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó fi P padà sẹ́yìn wo méjì tó fò. Ó dáhùn wọn. Ó tẹ S. Àyà rẹ̀ já. Ó tẹ R. Ìdánwò padà wá sí ojú rẹ̀, ohun gbogbo wà bó ṣe fi í sílẹ̀, ìdáhùn kan kò yí. Ó mí sóde. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo aago tó ń ka sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó tún tẹ S, kò sì tẹ R mọ́.

Aago 10:06. Ó jáde. Àmì eyín wà lára pẹ́ńsù rẹ̀. Ó na ọwọ́, mo dá aago rẹ̀ padà fún un.

“Bùrọ̀dá, mo ti parí.”

“R ńkọ́?”

“Mo lò ó, sà.”

Ọmọ bàbá tó wọ jàlábíà jáde tẹ̀ lé e. Bàbá náà ò bi í ní ohunkóhun. Ó ṣí fúláàsìkì, ó bu tíì fún un. Ìlà àwọn tó kàn ti gùn dé ìta géètì.

Aago 2:10 ọ̀sán. Garki. Mo fi àtúnṣe náà sórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó. Ó tẹ “Fi pamọ́” lẹ́ẹ̀kan. “Ó ti wọlé.” Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní òun máa lè sùn lálẹ́ yìí.

Aago 7:40 alẹ́. Kubwa. Ọmọ náà fẹ́ fi páálí Indomie náà dáná. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn àwòrán ìgbéyàwó tó wà lára ògiri.

Aago 10:15. Ó ti sùn. Kò sí ẹni tó mọ ohunkóhun.

Lọ́dún yẹn, JAMB yí ìlànà rẹ̀ padà. Wọ́n yí bí ẹ̀rọ ṣe ń gba máàkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè rú, wọ́n sì ń da ìdáhùn rú pẹ̀lú, kí C ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún má baà jẹ́ C ẹni tó jókòó lápá òsì. Sáfà ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe dà á rú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn sáfà tó wà lábẹ́ Kàdúná gba àtúnṣe tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ Èkó, tó ń sin Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò, kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dé ìjókòó kẹtàdínlógún.

Ojú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ síra. A ń mú A. N ń lọ síwájú. R ń dá ẹni tí àyà rẹ̀ já padà. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ tó rí 45, tí 45 sì wà lábẹ́ C, tẹ C, ó wò ó pé C ló mú. Sáfà tí kò gba àtúnṣe kò mọ C rẹ̀.

Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, èsì jáde. Nínú 1,955,069 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò tó 200 nínú 400. Àwọn ọmọ tí kò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn ń wo fóònù. Ọjọ́rú, ọjọ́ 14, ní Abuja, Oloyede dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó ka iye rẹ̀: gbọ̀ngàn 65 ní Èkó, ọmọ 206,610, gbọ̀ngàn 92 ní ilẹ̀ Ìgbò, ọmọ 173,387. Àpapọ̀ 379,997. Ó tọrọ àforíjì. Ó sunkún. Ọjọ́ 16 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún wọn.

Abuja kò sí lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ọkùnrin náà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wá wo ìka rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà, aago 11:20. Mo ṣí kóòdù tí mo kọ nínú mọ́tò ní Bwari. Mo kà á láti òkè. Ìlà tó ń sọ “Ó ti wọlé” wà lókè ìlà tó ń dúró de èsì láti ọ̀dọ̀ sáfà. Bí ọ̀nà bá já, bí sáfà bá kọ̀ ọ́, àwọ̀ ewé á ti jáde. Ìdí nìyẹn tó fi yá bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ìlà náà sọ̀kalẹ̀, ìlà mọ́kànlá.

Aago 8:05 àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe akọ̀wé owó. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó yẹ gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ 24 wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ báǹkì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló sọ fún òun pé ó ti wọlé.